Orogún Inú Ìgò

Ìyàwó olùkọ́ náà ti abẹ bọ inú ìgò, ó sì gé ẹran omi bíńtín ọlọ́wọ́ wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀ sí méjì. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti bù ú nínú odò ní Agoua ni ọkọ kò ti gbójú kúrò lára rẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀dá yìí kì í gbó," ni ọkọ máa ń wí. "Ara rẹ̀ kì í hunjọ."

"Èmi ńkọ́, Bàbá Nabil?"

"Ìwọ? Lọ wo dígí."

Lọ́jọ́ kẹta tí ìyàwó gé e, ọkọ figbe ta: "Ìyá Nabil, sáré wá!"

Ìyàwó fajú ro bí ẹni tó fẹ́ bá a kẹ́dùn, ó wọlé. Ẹ̀rín ló kún ẹnu ọkọ.

"Wò ó! Orí ti hu ìdí, ìdí ti hu orí!"

Nínú omi, àwọn ẹran méjèèjì ń juwọ́ sí ìyàwó.