Àwo Púpurù Tí Èlíjà Dá Padà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Bí ọbẹ̀ bá wà lórí iná, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ná, kí ẹ sì kà á dé òpin. Ó lè jẹ́ ilé yín ló ń bá wí.

1.
Ní Ayétòrò, ìlú onígbàgbọ́ wa létí òkun, níbi tí gbogbo wa ti ń jẹun láti inú ìkòkò kan náà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Èlíjà. Òun ló ń wa ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì ìlú. Ìyá rẹ̀ nìkan ló kù nínú ẹbí rẹ̀. Sárà ni orúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Ó fẹ́ràn ọmọ yìí ju ojú ara rẹ̀ lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ní Mahintedo, ìlú kan nítòsí wa, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lawrence ṣí ilé oúnjẹ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ èbúté. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi se oúnjẹ nínú ọkọ̀ òkun, níbi tí ọmọ Táílándì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti kọ́ ọ ní ọbẹ̀ ilẹ̀ wọn. Ó kọ ọ́ sára pátákó: "Oúnjẹ Táílándì Dé." Tábìlì mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. A kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, àfìgbà tí a tọ́ ọ wò. Edé wa náà ni, àgbọn wa náà ni, ṣùgbọ́n ó fi ewé tíì, atalẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata sí i, ó wá bù ú lé ìrẹsì gbígbóná. Ó ta, ó kan, ó tún dùn.

Èlíjà a máa bá Lawrence kó àgbọn láti etí òkun, Lawrence náà a sì bu oúnjẹ fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ẹ jẹun, Bọ̀dá," ni yóò wí. "Ọkọ̀ yín ló ń gbé àgbọn mi."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Èlíjà lá àwo. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sán tí kì í yà níbẹ̀. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn? Kò sí. N ò sọ pé oúnjẹ ló bà á jẹ́.

2.
Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nínú yàrá ìjẹun ìlú, Ọlọ́lá tó ń pín oúnjẹ gbé púpurù, òkèlè ẹ̀gẹ́ wa, àti ọbẹ̀ ẹja síwájú rẹ̀. Ikùn Èlíjà ti kún bámúbámú.

"Gbé e lọ, Ọlọ́lá. N kò ní jẹ."

"Ara yín ò yá ni, Bọ̀dá?"

"Ara mi yá."

Ọlọ́lá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbí ààwẹ̀ lẹ wà?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló yẹ kó sọ: mo ti jẹun. Ṣùgbọ́n ojú tì í. Kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé òun ń dá jẹ adùn níta nígbà tí gbogbo ìlú ń jẹ púpurù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dákẹ́. Níbi tiwa, ẹni tó ń gbààwẹ̀ kì í pariwo rẹ̀. Nítorí náà, ìdákẹ́ yẹn gan-an ni Ọlọ́lá fi gbà pé ààwẹ̀ ni.

Kó tó di ọjọ́ kẹta, gbogbo ìlú ti gbọ́. Wọ́n fún un ní ìjókòó iwájú nílé àdúrà. Bàbá Ísákì, àgbà ìjọ, dì í lọ́wọ́ mú, ó ní, "Irú rẹ la ń wá, ọmọ mi." Èmi tí mò ń kọ èyí wà lára àwọn tó yìn ín. Ìyìn náà sì dùn mọ́ ọn ju ọbẹ̀ àgbọn lọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dá àwo padà ní alaalẹ́.

3.
Màmá Àgbà gbọ́, àyà rẹ̀ sì já. Kí ló ń dun ọmọ òun tó fi ń gbààwẹ̀ tí kò sọ fún òun? Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún! Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá oúnjẹ tirẹ̀ padà. Omi nìkan ló ń mu.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, Èlíjà rí i pé ìyá òun ti rù.

"Màmá, ẹ ò jẹun mọ́ ni?"

"Fi mí sílẹ̀, Èlíjà. Ẹrù tó o gbé lọ síwájú Ọlọ́run, jẹ́ kí n bá ọ rù ú díẹ̀."

Òótọ́ dé ètè rẹ̀. Ó rántí ìjókòó iwájú, ó rántí Bàbá Ísákì, ó sì gbé e mì. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la, Màmá, a jọ máa parí rẹ̀." Ọ̀la! Lọ́jọ́ kejì ó wa ọkọ̀ lọ sí Mahintedo, ó jẹ àwo méjì.

Nígbà tó fi máa padà ní ìrọ̀lẹ́, èrò ti kún ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Màmá Àgbà ti ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. Ọlọ́lá gbé orí rẹ̀ lé itan. Èlíjà wólẹ̀.

"Màmá, n ò gbààwẹ̀. Ẹ dárí jì mí. Ojoojúmọ́ ni mo ń jẹun."

Òórùn atalẹ̀ àti ewé tíì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá náà la ojú.

"O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màmá."

"Ọlọ́run ṣeun. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé ebi ń pa ọ́."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Màmá Àgbà ti jáde láyé.

4.
Ìlú ò lé Èlíjà. Ì bá sàn fún un kí wọ́n lé e. Lawrence fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i, kò gbà á. Ọlọ́lá ń gbé púpurù síwájú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ bó ṣe ń gbé e fún gbogbo wa. Èlíjà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú àwo ìyá rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Bó bá jẹun tán, òun fúnra rẹ̀ a gbé òfìfo àwo náà, a fọ̀ ọ́, a sì gbé e padà wá. Ọdún kẹta rèé.

Ẹ̀yin ará, mo ń kìlọ̀. Bí wọ́n bá ń yìn yín fún ohun tí ẹ ò ṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́, kí ìtìjú kékeré má bàa di òkú. Bí ẹ bá ti jẹun níta, ẹ sọ fún ará ilé. Ẹ ka èyí sétí gbogbo ẹni tí ẹnì kan ń dúró dè nídìí àwo. Àwọn baba wa kò purọ́: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.