Àwo Tí Ìyá Máa Kọ́kọ́ Gbọ́

Obìnrin náà wọlé pẹ̀lú agbòòrùn tútù lọ́wọ́, ó ní àwo orin Jẹ́jẹ́ lòun ń wá. Oníṣọ́ọ̀bù rò pé etí òun ló ń tan òun jẹ. Ó pa rédíò.

"Jẹ́jẹ́ wo?"

"Èyí tó ń fi gìtá kọrin. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ìbéèrè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú ló ti ń to àwo Jẹ́jẹ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn oníbàárà sì ń rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè mú èyí tí wọ́n máa fi jó. Inú máa ń bí i. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Jẹ́jẹ́, kò sì tíì rí olórin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ayé gbàgbé tó bẹ́ẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jókòó. Ta lẹ fẹ́ rà á fún?"

"Ìyá mi ni, Bàbá. Ara wọn ò yá. Àwọn dókítà ti ní ká máa gbé wọn lọ sílé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbọ́ ohùn ọkùnrin yìí nínú rédíò aládùúgbò wa, àmọ́ kò tíì kọrin tán tí aládùúgbò fi pa á. Láti ọjọ́ náà, wọn ò jẹun, wọn ò sùn. Wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ dáadáa kí àwọn tó kú."

Omi lé ròrò sójú oníṣọ́ọ̀bù. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó kó àwo mẹ́ta sórí káńtà. Ó ní bó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ìyá máa lè gbọ́, àwọn ò gbọdọ̀ ṣì í mú.

"Èyí ló kọ́kọ́ ṣe. Fèrè pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ gbàgbé rẹ̀. Èyí ni kẹ́ ẹ mú. Òun nìkan ni, pẹ̀lú gìtá rẹ̀. Ẹni tí kò bá sunkún níbi orin kẹta, kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò."

Ó gbé e sórí ẹ̀rọ. Obìnrin náà gbọ́ orin kan tán, ojú rẹ̀ ò yí padà.

"Orin nìkan ló wà nínú èyí. Ṣé kò sí ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ lásán?"

"Ó wà nínú ẹ̀kẹta. Gbọ̀ngàn kékeré kan ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ bí àga ṣe ń dún. Kó tó kọ orin kọ̀ọ̀kan, á bá àwọn tó jókòó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn wà fún, Àǹtí. Kì í ṣe òun lèèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀."

"Òun ni mo fẹ́."

Ó bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Obìnrin náà gbé àwo náà sókè, ó ń wo ọkùnrin tín-ín-rín tó ń rẹ́rìn-ín lára páálí rẹ̀.

"Láti ìgbà wo ni kò ti kọrin mọ́?"

"Ọdún tí odò ya wọ ìgboro ló pa gìtá tì. Ó ní orin ti tán nínú òun."

"Ọdún yẹn ni bàbá mi kú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Ṣé ó ṣì wà láyé?"

"Ó wà dáadáa! Ẹ̀yìn ilé ìlagi ló ń gbé, ilé onílẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Ẹ lọ kí i. Inú rẹ̀ á dùn ju tèmi yìí lọ." Ó tún ọ̀nà náà júwe, kí ó má baà ṣìnà.

Bí obìnrin náà ṣe jáde ni oníṣọ́ọ̀bù gbé fóònù.

"Jẹ́jẹ́, ẹnì kan ra àwo rẹ lónìí."

"Ṣé kò ṣèèṣì mú un?"

"Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, òun ló fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ kó tó kú. Mo júwe ilé rẹ fún un. Wọ́n lè wá kí ẹ. Jọ̀ọ́, fá irùngbọ̀n ẹ."

Jẹ́jẹ́ ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wá òun wá. Lẹ́yìn náà, ó gbálẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó dáa, ó sì gbé àga kejì sójú fèrèsé.

Nílé obìnrin náà, wọ́n ti fi ìrọ̀rí gbé ìyá jókòó. Ọkùnrin kan wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún. Òun ló bá wọn yá ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi gbọ́ àwo.

"Ẹ da ojú páálí yẹn délẹ̀," ló wí fún ọmọ. "Ẹ má sì sọ nǹkan kan fún Màmá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ fúnra wọn."

Òógùn bo ìyá. Ọmọ fẹ́ fi aṣọ nu ojú rẹ̀, ìyá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí kì í ti í jẹ́ kí aṣọ kan ojú òun.

"Gbé e sí i," ni ìyá wí.

Abẹ́rẹ́ balẹ̀. Àga dún, àwọn èèyàn díẹ̀ pàtẹ́wọ́, ẹnì kan wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan jáde, ó tutù, ó rọra:

"Ẹ fara balẹ̀. Kò ní pẹ́."

Gìtá bẹ̀rẹ̀. Ìyá di aṣọ ìbora mú.

"Dá a padà."

Ọmọ gbé abẹ́rẹ́ padà síbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ fara balẹ̀. Kò ní pẹ́."

Ìyá ń sunkún, kò sì jẹ́ kí orin náà pẹ́. Ó ní kí wọ́n pa á, òun ti gbọ́ tó.

"Òun ni, Ọ̀gá ọlọ́pàá," ló wí fún ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, "bó ṣe sọ ọ́ fún mi gan-an nìyẹn nígbà tó fi aṣọ dì mí lójú tán, kó tó yọ ọ̀bẹ sí ọkọ mi."