Màríà Ìjagun

Bàbá Ìjọ ṣì wà láyé nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le. Òun ló já wọ oko tí wọ́n ti ń ya fíìmù Jésù ní Ìjagun, tó na ọ̀pá sí ìyá àgbà tó ń ṣe Màríà.

“Ọmọ Mùsùlùmí lẹ fi ṣe Jésù!”

“Ṣé Jésù fúnra rẹ̀ ṣe kọnfaméṣọ̀n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni?” Ìyá àgbà ò gbójú sókè. Ó ń fi aṣọ tútù nu ojú Yasir, ọmọ tó ń ṣe Jésù, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àgbélébùú sínú ihò.

“Kò sí nínú Bíbélì pé ìyá rẹ̀ ló sin ín! Èèwọ̀ sì ni. Abiyamọ kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀.”

“Èèwọ̀ yẹn náà lẹ fi tìlẹ̀kùn mọ́ mi lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé Ayọ̀tọ̀míwá ọmọ mi lọ sin. Mi ò rójú ẹ̀, mi ò ríbi tẹ́ ẹ gbé e sí. Títí dòní, mo ṣì ń bu oúnjẹ tiẹ̀ sílẹ̀ lálaalẹ́. Ẹ yẹra, Bàbá Ìjọ. Ẹ̀ ń ṣíji bo ọmọ mi.”

Ó fi aṣọ funfun dì í dé ọrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu iyẹ̀pẹ̀ lé e láyà.

“Ó tó, Màmá,” ni olùdarí fíìmù wí.

Yasir dìde, ó gbọn ara, ó jáde. Ìyá àgbà ṣì ń bu iyẹ̀pẹ̀ sínú ihò tó ti ṣófo, títí ihò náà fi kún.

Nígbà tó délé, àwo kan ṣoṣo ló bu oúnjẹ sí. Ọjọ́ náà ni Ayọ̀tọ̀míwá kú.