Omi Sàráà Tí Síkírù Kì Í Mu

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìtàn yìí tán pátápátá kí ẹ tó sọ ọ́ sí gúrúùpù ẹbí yín. Ẹni tó bá ka ibi sàráà nìkan yóò rò pé èèyàn rere ni mò ń ròyìn.

1.
Síkírù ni ọ̀gá ààtàn ńlá kan lórí òkè, lápá ọ̀nà Ìjagun. Rọ́bà tó nípọn ni wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ kòtò ibẹ̀, kí omi dúdú tó ń sun lára ìdọ̀tí má baà wọ inú ilẹ̀. Wọ́n tún gbẹ́ kànga kéékèèké yí i ká. Kì í ṣe fún mímu o. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń fa omi inú wọn lọ yẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ̀ bí rọ́bà bá ya.

Rọ́bà sì ya. Katakata tó ń ti ìdọ̀tí ló ya á, Síkírù sì rí i. Kí wọ́n tó lè tún un ṣe, wọ́n ní láti ti ààtàn pa fúngbà díẹ̀, Síkírù ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé nǹkan bàjẹ́ lọ́wọ́ òun. Ó ní kí wọ́n da ìdọ̀tí bò ó.

2.
Ẹ ó bi mí pé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ńkọ́? Mọ́tò wọn ti bàjẹ́. Síkírù ló ń fi mọ́tò tirẹ̀ lọ gbé wọn! Ẹni tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò ló ń gbé yín kiri, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Kí wọ́n tó dé, táńkà tí Síkírù rán ti da omi tó mọ́ sínú àwọn kànga àyẹ̀wò. Òfin ní kí wọ́n kọ́kọ́ fa omi tó wà nílẹ̀ dànù, kí tuntun sun, kí wọ́n tó bu. Wọn kì í dúró ṣe é, oúnjẹ ti ń dúró dè wọ́n. Omi táńkà ni wọ́n ń bu lọ, wọ́n á sì ní ó dára.

3.
Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, Síkírù ní òun yóò ṣe sàráà járíyà fún un, èyí tí láádá rẹ̀ kì í tán. Kànga dẹ́rọ ni. Ìyá rẹ̀, Alhaja Kúbúrátù, ní ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ilé wọn lòun fẹ́ ẹ sí. Ìsàlẹ̀ òkè ààtàn gan-an nìyẹn. Bí Síkírù bá kọ̀, wọ́n á bi í nídìí. Ó gbẹ́ ẹ síbẹ̀, ó ń tan ara rẹ̀ pé omi dúdú yẹn ò lè dé ibẹ̀.

Hafeezah, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé pẹ̀lú ìyá wọn, ló kọ́kọ́ fura. Híjáàbù funfun tó fi omi náà fọ̀ ń pọ́n. Omi ń rùn bí irin. Èyí tó wá ká a lára jù ni pé, bí Síkírù bá wá kírun, ó ti ṣe àlùwàlá láti ilé rẹ̀. Ìfura loògùn àgbà, ọmọdé náà a sì máa lò ó.

"Bùọ̀dá mi, ẹ bu omi yìí mu kí n rí i."

"Mò ń gbààwẹ̀."

"Lónìí Jímọ̀? Ta ló ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ nìkan?"

"Ìjọba ti yẹ ilẹ̀ yìí wò! Ṣé ìwọ lo wá mọ̀ ju ìjọba lọ?"

4.
Nígbà tó yá, Síkírù bẹ̀rẹ̀ sí í kó omi inú ike ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Alhaja ń pín in fún àwọn ọmọ ilé kéwú.

"Ṣé n ó fi omi láádá bàbá ẹ sílẹ̀, n ó wá máa mu omi ike? Omi tí ọmọ mi gbẹ́ ni n ó máa mu títí n ó fi kú."

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló yẹ kí Síkírù sọ: "Ìyá mi, ẹ má mu ún mọ́." Ó dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. Ẹ̀rù iṣẹ́ ń bà á, ojú sì ń tì í. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú bí mi sí i gan-an níbí yìí.

5.
Ẹsẹ̀ Alhaja wú, ojú rẹ̀ náà wú. Dókítà ní kíndìnrín ni, ó sì bi wọ́n pé irú omi wo ni Ìyá ń mu. Hafeezah yíjú wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Síkírù bú sẹ́kún, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀.

Alhaja ní, "Síkírù, o mọ̀, o sì jókòó, ò ń wò mí bí mo ṣe ń mu ún?"

"Ẹ foríjì mí, Ìyá mi."

Ọ̀rọ̀ dé etí ìjọba, wọ́n ti ààtàn pa, wọ́n lé Síkírù lẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn kọ́ ló dùn ún jù. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè, àìsàn ò sì lọ. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, tí Síkírù bá gbé ife omi fún un, Alhaja á kọjú sí ògiri, á ní kí wọ́n pe Hafeezah wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ṣọ́ra o, omi á gbé e wá bá yín nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ń yẹ iṣẹ́ wò, ẹ má wọ mọ́tò ẹni tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹ̀yin ará ilé, ẹni tó bá fún yín ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kì í tọ́ wò, ẹ fura sí i. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.