Gbàgede Tí Kò Ní Ìjókòó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín, ẹ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé orí ìdúró lẹ wà, ẹ wá nǹkan fìdí lé ná. Ẹ ó mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ láìpẹ́.

Iṣẹ́ òkúta títẹ́ ni èmi tí mò ń kọ ọ́ ń ṣe. Ọwọ́ mi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní purọ́.

1.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun sáàárín ìlú, ọkùnrin ayàwòrán ilé kan ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Àwa òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Má-Bà-Á-Jẹ́, torí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ láàárọ̀ lálẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó máa ń kí wa dáadáa, ó mọ orúkọ àwọn ọmọ wa. Àmọ́ bó o bá gbé ife omi lásán lé orí òkúta rẹ̀, o ti wá ìjà.

Ìyá rẹ̀ ló dá tọ́ ọ. Aṣọ ni màmá ń rán, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n sì fi rán an fún ogójì ọdún, títí orúnkún wọn fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Látìgbà náà, kò síbi tí màmá ń lọ tí wọn kì í gbé àga kékeré kan tó ṣeé ká pọ̀ dání. Ìyá Alága ni aládùúgbò ń pè wọ́n.

Àwọn tó ni ilé tuntun náà gba ẹ̀rọ yẹn láti fi í ṣàfihàn nínú gíláàsì, ní yàrá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ wá ṣèlérí: "Màmá, lọ́jọ́ tá a bá ṣí ilé náà, ẹ máa fẹsẹ̀ yín tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n tó pa gíláàsì rẹ̀ dé." Inú màmá dùn débi pé ẹsẹ̀ wọn ti ń tẹ ilẹ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí.

2.

Lọ́jọ́ kan, ó fi ilé náà, èyí tó fi páálí ṣe ní kékeré, han màmá. Àwọn èèyàn bíńtín bíńtín dúró káàkiri gbàgede iwájú rẹ̀.

Màmá wò ó títí. "Ó rẹwà, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn èèyàn inú páálí yìí, kò wá rẹ ẹnì kankan nínú wọn?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá! Páálí mà ni wọ́n."

"Mo mọ̀. Níbo ni wọ́n á jókòó sí?"

Bẹ́ǹṣì mẹ́jọ ló wà nínú àwòrán àkọ́kọ́ o, pẹ̀lú igi ibòòji. Òun fúnra rẹ̀ ló pa wọ́n rẹ́, ó ní wọn ò jẹ́ kí iwájú ilé náà mọ́ nínú fọ́tò. Èmi gan-an bi í pé, "Ọ̀gá, bẹ́ǹṣì ńkọ́?" Ó ní, "Bàbá, ẹ má bà á jẹ́." Mo panu mọ́, mo tẹ́ òkúta funfun kún gbogbo ilẹ̀ náà. Ó tún kọ ìwé lé àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé àga wọ gbàgede.

3.

Ọjọ́ ìṣílé pé. Aago mẹ́wàá ni wọ́n dá, àmọ́ àwọn èèyàn pàtàkì ò tètè dé. Ẹ kúkú mọ̀ wọ́n. Oòrùn mú, òkúta funfun ń dá a padà sí wa lójú. Màmá, tí wọ́n wà láàárín èrò ní gbàgede, ṣí àga wọn. Kí wọ́n tó jókòó dáadáa, ẹ̀ṣọ́ kan ti dé.

"Màmá, ẹ forí jì mí. Wọn ò gbà kí èèyàn gbé àga síbí."

"Ta ni ò gbà?"

"Ọ̀gá tó yàwòrán ilé yìí ni. Òun ló wọ funfun lókè àtẹ̀gùn yẹn."

Màmá gbójú sókè. Wọ́n rí ọmọ wọn, àwọn oníròyìn yí i ká, ó ń rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n kàn ní "ọmọ mi nìyẹn," ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọn ò sọ ọ́. Fúnra wọn ni wọ́n ká àga náà pọ̀. "Ó dáa, ọmọ mi. Gbà á."

Wákàtí méjì ni wọ́n fi dúró. Ẹ̀yìn wọn ni mo wà. Mo ní kí wọ́n fara tì mí, wọ́n ní àwọn ò tíì darúgbó tó bẹ́ẹ̀. Àfi gbì! Orí òkúta tí mo fọwọ́ ara mi tẹ́ ni wọ́n ṣubú sí.

Ọmọ sáré wá. "Yéè, màmá mi! Ta ló gba àga lọ́wọ́ wọn? Ta ni?"

 Ìwé tí ọ̀gá kọ ni ẹ̀ṣọ́ nà sí i.

4.

Egungun ìbàdí màmá kán. Ní ilé ìwòsàn, ọmọ wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ẹ̀ṣọ́ yẹn pé ẹ̀yin ni ìyá mi?"

"Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á fún mi ní àga mi padà. Obìnrin tó dúró tì mí, tó pọn ọmọ sẹ́yìn, ńkọ́? Ọmọ tiẹ̀ ò tíì yàwòrán ilé fún ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára ṣinṣin. Kí oṣù náà tó tán, bẹ́ǹṣì mẹ́jọ ti wà ní gbàgede, wọ́n sì ti gbin igi.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó fi àga onítáyà ti màmá wọ yàrá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Kò tíì jẹ́ kí wọ́n pa gíláàsì ẹ̀rọ náà dé. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ màmá lé ibi ìtẹ̀. A dúró, a dúró. Ẹsẹ̀ ò mira.

Màmá fọwọ́ pa ẹ̀rọ náà lórí. "Pa á dé, ọmọ mi. Ó ti tó."

Má-Bà-Á-Jẹ́ sunkún bí ọmọ ọwọ́. Èmi náà sunkún, mi ò tijú láti sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ́lé, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣòfin, àní bó ṣe ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ ní, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹwà dí yín lójú sí ẹni tó ti rẹ̀. Òfin tó o ṣe fún ẹni tó ò mọ̀ rí, ìyá tó bí ọ ló lè kọ́kọ́ kàn. Ẹ̀yin tí ẹ rí àṣìṣe, tí ẹ wá panu mọ́ bíi tèmi, ẹ lanu sọ̀rọ̀ kó tó pẹ́ jù. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ń kọ́lé lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.