Àwọn Oníbàárà Ìyàwó Rẹ̀

“Kó o dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn kí mánéjà tó rán ẹlòmíì sí wọn.”

Ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ọkọ ní òun ti gbọ́. Ó délé, ó wẹ̀, ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí kọ́là rẹ̀ ṣì dúró dáadáa, ó sì gbé báàgì obìnrin náà kọ́ èjìká.

Iṣẹ́ adójútòfò ni ìyàwó rẹ̀ ń ṣe. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń bá tajà. Wọ́n fún un ní tábìlì àti káàdì tí wọ́n ń fi kọ́rùn, pẹ̀lú owó oṣù tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n gbogbo oníbàárà tí obìnrin náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá rí, ti ilé iṣẹ́ ni wọ́n. Ìdí nìyí tó fi ní kí ọkọ òun, tí ilé ìtẹ̀wé lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, lọ ṣe ìdánwò àwọn aṣojú tó ń ṣe tara wọn. Irú aṣojú bẹ́ẹ̀ lè bá ilé iṣẹ́ tó bá wù ú tajà. Kò sẹ́ni tó ń fún un lówó oṣù, ṣùgbọ́n oníbàárà tó bá fọwọ́ sí ìwé tó ní orúkọ rẹ̀, tirẹ̀ ni.

Ó yege. Ìwé àṣẹ rẹ̀ jáde. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti pinnu pé díẹ̀díẹ̀ ni àwọn oníbàárà yóò máa bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní báyìí, àyè díẹ̀díẹ̀ kò sí mọ́. Lára àwọn èèyàn wọ̀nyí ni ilé náà ti ń jẹun. Bí mánéjà ilé iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ bá kó wọn, ó di kí ó tún máa wáṣẹ́ kiri.

Ọ̀dọ̀ aránṣọ ló kọ́kọ́ dé. Obìnrin náà wo báàgì, ó wo ojú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ọkọ ìyàwó! Ṣé ó ti wá sọ yín di ọmọọṣẹ́ ni?”

Àwọn ọmọọṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ rẹ́rìn-ín sínú aṣọ tí wọ́n ń rán. Ó wolẹ̀.

“Òun ló rán mi.”

“Ṣé mi ò mọ̀ ni? Ó ti sọ fún mi pé ẹ̀ ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ tó wú ńkọ́?”

“Kò dùn ún mọ́.”

“Ọlọ́run ṣeun. Ẹ mú ìwé àti bírò wá. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, tí ṣọ́ọ̀bù yìí bá jóná tí mi ò rí yín, ilé yín ni màá kó gbogbo àwọn ọmọ yìí wá sùn.”

“Ẹ máa rí mi.”

Lọ́dọ̀ wẹ́dà, ọ̀rọ̀ kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ìbòjú iṣẹ́ rẹ̀ sókè.

“Bọ̀dá, ẹ má bínú o. Ìyàwó yín ni mo mọ̀. Nígbà tí iná jó mi lọ́wọ́, òun ló sáré sókè sódò títí wọ́n fi sanwó fún mi. Ẹ̀yin, mi ò mọ̀ yín. Ẹ jẹ́ n pè é.”

Wẹ́dà tẹ nọ́ńbà. Fóònù dún nínú báàgì tó wà léjìká rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wo báàgì náà títí tó fi dákẹ́.

“Ẹ̀yin lẹ gbé fóònù ẹ̀?”

“Èmi ni mo gbé e.”

Wẹ́dà mirí, ó wá rẹ́rìn-ín. “Obìnrin tó gbé fóònù sílẹ̀ fọ́kọ! Tèmi ò jẹ́ dán an wò láéláé. Ẹ mú un wá kí n fọwọ́ sí i.”

Etí rẹ̀ gbóná bí ó ti ń tẹ́ ìwé náà sílẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ olóògùn, àti ọ̀dọ̀ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń ta táìlì. Gbogbo wọn ló ní kó bá àwọn kí i. Ó ní ẹ ṣeun.

Mánéjà dá mọ́tò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ létí títì.

“Mo gbọ́ pé ẹ ti gbàwé àṣẹ. Ẹ wá bá wa ṣiṣẹ́. Tábìlì wà, owó oṣù wà. Kí lẹ̀ ń dá rìn nínú oòrùn fún?”

“Àwọn oníbàárà tí mo bá mú wá ńkọ́?”

“Ti ilé iṣẹ́ ni.”

“Bí mi ò bá sí níbẹ̀ mọ́?”

“Tiwa náà ni. A máa rán ẹlòmíì sí wọn.” Ó ti ń yí gíláàsì sókè. “Ẹ lọ rò ó. Ẹ sì bá mi sọ fún màdáámú yín pé ìsinmi yẹn ti tó o.”

Mọ́tò náà lọ.

Ìyá àgbà tó ni ilé ìwé ló kù. Màmá kò fi í ṣẹ̀sín, kò sì bi í léèrè ohunkóhun. Ó fọwọ́ síwèé, ó di ọsàn sínú ọ̀rá.

“Gbé e fún un. Sọ pé mo ní kó jókòó, kó gbẹ́sẹ̀ sórí ìrọ̀rí. Ó mọ iṣẹ́ ṣe, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi.”

“Mo gbọ́, mà.”

“Gbójú sókè. Kí ló ń tì ẹ́ lójú? Ṣé torí o jíṣẹ́ fún ìyàwó ẹ?”

Kò lè gbójú sókè. Ó fọwọ́ méjèèjì gba ọ̀rá náà bí ẹni pé ó jí i gbé, ó dúpẹ́, ó sì yára jáde.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tó jókòó sórí pèpéle ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti tì. Gbogbo wọn ló ti fọwọ́ síwèé. Kò tíì jẹun, kò tíì dá mánéjà lóhùn, kò tíì pe ìyá ìyàwó rẹ̀, kò tíì sunkún, kò sì tíì padà sí ilé ìwòsàn lọ gba òkú ìyàwó rẹ̀.