Ògiri Tí Aránṣọ Ń Tú

Aránṣọ náà tún gbé awò ńlá tó ń gbéni wọ ayé tí kọ̀ǹpútà dá sójú, ó sì bọ́ sínú ayé náà lẹ́ẹ̀kejì. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ara rẹ̀ sì ń rù lórí bẹ́ẹ̀dì nílé.

Ẹ̀ṣọ́ onírin tí ó lé e padà nígbà àkọ́kọ́ ṣì dúró níwájú ògiri.

"Ìyá Aránṣọ, ẹ tún dé? Ojú ò tì yín?"

"Ó tì mí lẹ́ẹ̀kan, ó ti tán. Yà lọ́nà!"

Ẹ̀ṣọ́ náà ju ọ̀kọ̀. Aránṣọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀kọ̀ sì há sára ògiri, ẹ̀ṣọ́ náà ò rí i fà yọ. Aṣọ ni ògiri náà, kì í ṣe òkúta. Ó yẹ ojú rírán rẹ̀ wò: ọwọ́ òsì ni ó rán an, abẹ́rẹ́ sì ń padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó lọ síwájú. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó kọ́ ní irú rẹ̀ rí: àbúrò rẹ̀.

"Ìwọ lo rán an?" ni ó ké sí ẹ̀yìn ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa lọ," ni àbúrò rẹ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn ògiri. "Kò sẹ́ni tó há mi mọ́bí. Ilé ló sú mi."

Aránṣọ náà fi èékánná já òwú àkọ́kọ́.

"Máa rán an lọ," ni ó wí. "Èmi tí mo kọ́ ọ, n ó máa tú u."